Eérú, Káún àti Iyọ̀: Ìtàn Pọtásíọ̀mù Nínú Oúnjẹ Ènìyàn àti Ẹran

Pọtásíọ̀mù ti wà lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fún un ní orúkọ, inú eérú ló sì wà. Gbogbo ohun ọ̀gbìn ló ń fi gbòǹgbò fà á mu láti inú ilẹ̀. Bí wọ́n bá sun igi, ewé tàbí èèpo èso, èyí tí iná lè jó nínú rẹ̀ á bá èéfín lọ, pọtásíọ̀mù á sì ṣẹ́ kù sínú eérú. Bí wọ́n bá wá bu omi lé eérú náà, omi á fà á yọ. Omi yìí máa ń yọ̀ bí ọṣẹ lọ́wọ́, ó sì máa ń ta ahọ́n. Bí wọ́n bá gbé e kaná títí ó fi gbẹ, ìyẹ̀fun funfun ni yóò kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Nílẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi omi eérú ṣe jù. Àwọn aláró kò lè ṣe láìsí i, nítorí pé aró inú ewé ẹ̀lú kì í yọ́ nínú omi lásán; omi eérú ló ń bá a yọ́ kí ó tó lè mú aṣọ. Àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú náà ń sun èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti oríṣiríṣi igi. Nígbà tí oko kòkó gbilẹ̀ ní agbègbè Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Oǹdó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, èèpo kòkó tí àgbẹ̀ ti ń kó dànù di ohun tí ọlọ́ṣẹ ń wá kiri, nítorí pé pọtásíọ̀mù inú eérú rẹ̀ pọ̀ ju ti igi lásán lọ fíìfíì. Wọ́n á gbé ìkòkò tí wọ́n ti dá ìdí rẹ̀ lu lé orí òmíràn, wọ́n á kó eérú sí ti òkè, wọ́n á sì máa bomi sí i kí ó máa kán sílẹ̀. Omi tó bá kọ́kọ́ kán ló máa ń le jù. Òun ni wọ́n ń rò pọ̀ mọ́ àdí tàbí epo lórí iná títí yóò fi di ọṣẹ. Ọṣẹ tí wọ́n bá fi pọtásíọ̀mù se máa ń rọ̀, èyí tí wọ́n bá fi sódíọ̀mù se ló máa ń le gbagidi. Ìdí nìyẹn tí ọṣẹ dúdú fi ṣeé bù lọ́wọ́, tí ọṣẹ ìfọṣọ ilé iṣẹ́ sì ṣeé gé ní ọ̀bẹ.

Iṣẹ́ yìí ṣe pàtàkì lókè òkun pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1790, ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan tuntun bọ́ sọ́wọ́ Samuel Hopkins, nítorí ọ̀nà tuntun tó rí láti fi rí iyọ̀ eérú gbà. George Washington fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Àwọn tó ń ṣe dígí, ọṣẹ àti aṣọ ní Yúróòpù ló ń rà á. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa pọtásíọ̀mù láti inú ilẹ̀ ní Stassfurt, ní Jámánì, ní ọdún 1861, ni ọwọ́ òwò eérú tó rọlẹ̀, tí àgbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí i rà fún oko gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ibi tí òkun jìnnà sí ni eérú ti wúlò jù. Ní àárín gbùngbùn igbó Áfíríkà, ní agbègbè odò Kóńgò, àwọn ènìyàn a máa sun koríko àti ewéko etí odò, wọ́n a sẹ́ eérú rẹ̀, wọ́n a sì se omi rẹ̀ gbẹ kí wọ́n lè rí nǹkan fi sọbẹ̀. Àwọn Ígbò náà ń sun ìdì ẹyìn tí wọ́n ti ṣa èso rẹ̀ tán, wọ́n sì ń fi omi eérú rẹ̀ se oúnjẹ. Ngu ni wọ́n ń pè é. Iyọ̀ inú irú eérú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iyọ̀ òkun. Pọtásíọ̀mù ló kún inú rẹ̀, sódíọ̀mù inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó lè mú ọbẹ̀ dùn lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè tán òùngbẹ iyọ̀ tó wà nínú ara.

Òùngbẹ iyọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdùn. Mungo Park, ará Scotland tó rìn láti odò Gambia dé Odò Ọya láàárín ọdún 1795 sí 1797, kọ ọ́ sínú ìwé tó gbé jáde ní ọdún 1799 pé àwọn ọmọdé ìlú tí òun dé ń fi òkúta iyọ̀ ṣe ohun lílá bí ẹni ń lá ṣúgà, àti pé olówó nìkan ló ń rí iyọ̀ jẹ déédéé. Ó jẹ́rìí pé òun fúnra òun jìyà rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá jẹ kìkì ohun ọ̀gbìn fún ìgbà pípẹ́, iyọ̀ á máa wù ú débi tí ẹnu kò lè ròyìn.

Ohun tí Park rí ni Gustav von Bunge, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, wá ìdí rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1873. Ìlú Dorpat ni Bunge ti ń ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Tartu ní orílẹ̀-èdè Estonia lónìí. Ó kíyè sí i pé màlúù, àgbọ̀nrín àti àwọn ẹran mìíràn tó ń jẹ koríko máa ń wá ilẹ̀ oníyọ̀ kiri láti lá, nígbà tí ológbò àti àwọn ẹran tó ń jẹ ẹran ẹlẹgbẹ́ wọn kì í yọ ara wọn lẹ́nu nípa rẹ̀. Ó wọn ohun tó wà nínú oúnjẹ wọn. Ìyàtọ̀ tó ga jù kò sí nínú sódíọ̀mù, inú pọtásíọ̀mù ló wà: ti koríko pọ̀ gan-an. Bunge rò ó pé bí pọtásíọ̀mù bá pọ̀ nínú ara, kíndìnrín á máa tì í jáde, sódíọ̀mù á sì máa bá a lọ. Ó gbé iyọ̀ pọtásíọ̀mù mì fúnra rẹ̀, ó wọn ìtọ̀ rẹ̀, ó sì rí i pé sódíọ̀mù tó ń bá ìtọ̀ jáde pọ̀ sí i. Àwọn tó tẹ̀ lé e tún èrò rẹ̀ ṣe ní ọ̀pọ̀ ibi, ṣùgbọ́n ohun tó rí nínú ìtọ̀ kò tíì yẹ̀ títí di òní. Ó wà lára ohun tí ìmọ̀ òde òní nípa ẹ̀jẹ̀ ríru dúró lé.

Àwọn darandaran Fúlàní ti mọ ohun tí ẹran wọn ń fẹ́ tipẹ́ kí Bunge tó kọ̀wé. Káún ni wọ́n ń gbé síwájú màlúù. Koríko fún ẹran ní pọtásíọ̀mù tó pọ̀ tó, káún sì fún un ní sódíọ̀mù tí koríko kò ní. Ìmọ̀ tó jinlẹ̀ ni, ojú ni wọ́n sì fi rí i lára ẹran, ọdún dé ọdún.

Káún yàtọ̀ sí eérú pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì jọ ń rọ ẹ̀wà, tí wọ́n sì jọ ń mú ọbẹ̀ yọ̀. Inú eérú ni iyọ̀ eérú ti ń wá, ṣùgbọ́n etí omi ni káún ti ń wá. Ní etí Adágún Chad, pàápàá ní apá ìlà-oòrùn rẹ̀, oòrùn a máa fa omi gbẹ nínú àwọn kòtò ilẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́ kù a sì dì gbagidi bí òkúta. Àwọn òṣìṣẹ́ á fọ́ ọ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Àwọn Buduma, tí wọ́n ń gbé orí erékùṣù adágún náà, á fi ọkọ̀ ojú omi gbé e sọdá sí Borno. Láti ibẹ̀, màlúù, ràkúnmí àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ á rù ú dé Kánò, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀ Tápà àti ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ibi mìíràn náà wà ní Borno àti ní orílẹ̀-èdè Niger tí wọ́n ti ń wà á. Oríṣiríṣi ni, funfun wà, pupa wà, kò sì sí oníṣòwò Haúsá kan tó ń ṣi ọ̀kan mú fún èkejì.

Òwò náà kì í ṣe kékeré. Heinrich Barth, ará Jámánì, wọ Kánò ní ọdún 1851, ó sì fojú bù ú pé káún tó ń gba ìlú náà kọjá lọ sí ilẹ̀ Tápà lọ́dún kò dín ní 20,000 ẹrù. Paul Lovejoy, òpìtàn ní Yunifásítì York ní Kánádà, kọ odindi ìwé kan lórí òwò iyọ̀ àti káún agbègbè yìí ní ọdún 1986. Ní gúúsù, àwọn Haúsá tó bá káún wá á ra obì padà sí Òkè Ọya. Àwọn ìyálọ́jà á gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ó sì di ohun tí kò sí ilé ìdáná tí kì í ní i. Wọ́n ń fi í sí ewédú àti ilá kí ó lè yọ̀, wọ́n ń fi í sí ẹ̀wà kí ó lè tètè rọ̀, wọ́n ń lọ̀ ọ́ mọ́ tábà láti fi ṣe aásáà, àwọn oníṣègùn sì ń lò ó nínú àgbo. Iṣẹ́ tó ń ṣe lára ẹ̀wà yìí ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ́: káún máa ń ba fítámì B1 àti fítámì C jẹ́ nínú oúnjẹ tí wọ́n bá ń sè.

Àwọn onímọ̀ Yúróòpù pẹ́ kí wọ́n tó ya sódíọ̀mù àti pọtásíọ̀mù sọ́tọ̀. Ní ọdún 1736, Duhamel du Monceau ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé ohun tó wà nínú iyọ̀ òkun kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ohun tó wà nínú eérú igi. Ní ọdún 1758, Andreas Marggraf ní Berlin fi àwọn méjèèjì sínú iná: ti iyọ̀ òkun mú ọwọ́ iná pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ti eérú sì mú un di elése-àlùkò. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1807, Humphry Davy ní Lọ́ńdọ́nù jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú iyọ̀ eérú tó ti yọ́ kọjá, ó sì rí irin kan tó ń dán, tó rọ̀, tó ń gbiná bí omi bá kàn án. Òun ni pọtásíọ̀mù. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni ó fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ rí sódíọ̀mù.

Bí wọ́n bá dán káún wò nínú iná bí Marggraf ti ṣe, ìhà ti iyọ̀ òkun ló máa bọ́ sí. Sódíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ ní ọjà Nàìjíríà ń fi orúkọ iyọ̀ eérú pè é, ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn tó kàwé, sì gbà pé pọtásíọ̀mù ni àwọn ń fi sínú ọbẹ̀. Àṣìṣe yìí kò mọ sí ẹnu lásán, nítorí pé ohun tí sódíọ̀mù ń ṣe nínú ara àti ohun tí pọtásíọ̀mù ń ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ lòdì síra.

Sidney Ringer, dókítà kan ní Lọ́ńdọ́nù, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi èyí hàn. Láàárín ọdún 1882 sí 1883, ó gbé ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ sínú omi tó fi oríṣi iyọ̀ mélòó kan sí. Nígbà tí ó jẹ́ iyọ̀ òkun nìkan ló wà nínú omi náà, ọkàn náà kò lè lù pẹ́. Ó di ìgbà tí ó fi kásíọ̀mù àti pọtásíọ̀mù díẹ̀ sí i kí ó tó lù bó ti yẹ. Bí pọtásíọ̀mù bá sì pọ̀ jù, ọkàn á dúró. Ìdí rẹ̀ hàn kedere ní ọdún 1957, nígbà tí Jens Skou ní Denmark rí ohun tó ń ṣiṣẹ́ lára awọ sẹ́ẹ̀lì: bó bá ti ti sódíọ̀mù mẹ́ta síta, á fa pọtásíọ̀mù méjì wọlé. Nǹkan bí ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún pọtásíọ̀mù ara ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀nba díẹ̀ ló wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín inú àti ìta yìí ni iṣan fi ń sún kì, òun ni ọkàn fi ń lù, òun náà ni ọpọlọ fi ń ránṣẹ́. Skou gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 1997.

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ káún ti le tó Zaria. Láàárín àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Yunifásítì Ahmadu Bello, tí Davidson àti Eldryd Parry wà lára wọn, rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ abiyamọ tí wọ́n ń gbé wá. Ẹsẹ̀ wọn wú, wọn kò lè mí dáadáa, ọkàn wọn kò sì lágbára láti tú ẹ̀jẹ̀ káàkiri mọ́. Lẹ́yìn ìbímọ ni ó máa ń ṣẹlẹ̀, iye àwọn tó ń ní in sì ga ju ti ọ̀pọ̀ ibi mìíràn lọ. Àwọn dókítà náà wo àṣà ìtọ́jú ìyá ìkókó. Fún ogójì ọjọ́, ìyá náà á máa mu kunu jéró tí wọ́n fi káún púpọ̀ sí, nítorí ìgbàgbọ́ pé ó ń mú ọmú ṣe wàrà. Wọ́n á máa fi omi gbígbóná janjan wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, á sì máa sùn lórí ibùsùn alámọ̀ tí wọ́n dáná sí abẹ́ rẹ̀ kí òtútù má baà mú un. Sódíọ̀mù inú káún ń dá omi dúró nínú ara, ooru sì ń dá kún iṣẹ́ ọkàn. Nígbà tí wọ́n dá káún dúró, tí wọ́n sì fún àwọn abiyamọ náà ní oògùn tó ń mú ni tọ̀, ara ọ̀pọ̀ nínú wọn yá.

Ìwádìí kò dúró síbẹ̀. Àwọn dókítà tó tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní Kánò àti àwọn ìlú mìíràn lẹ́yìn náà sọ pé káún nìkan kò lè jẹ́ okùnfà rẹ̀. Wọ́n tọ́ka sí selenium tó kéré nínú ara àwọn abiyamọ náà, àti sí àwọn nǹkan mìíràn. Iyàn náà kò tíì tán. Èyí tí kò sí iyàn nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, tó bá ń mu káún lójoojúmọ́, ń di ẹrù kún ẹrù. Kò sì yẹ kí wọ́n di ẹ̀bi rú àwọn ìyá àgbà tó fi àṣà náà lélẹ̀. Ìtọ́jú ìyá àti ọmọ ni wọ́n ń wá, ìsinmi tí wọ́n ń fún un sì ní àǹfààní tirẹ̀. Ohun tó wà nínú káún ni kò hàn sí wọn.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀nà tí Bunge là ni àwọn mìíràn tọ̀. Ní ọdún 1928, W. L. T. Addison ní Toronto fún àwọn aláìsàn kan ní iyọ̀ pọtásíọ̀mù, ẹ̀jẹ̀ wọn sì lọ sílẹ̀. Nígbà tí ó fún wọn ní iyọ̀ òkun, ó tún ga. Iye àwọn aláìsàn náà kéré, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, oògùn tó ń mú ni tọ̀ gbòde fún ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn dókítà sì rí i pé pọtásíọ̀mù ń bá ìtọ̀ jáde lára àwọn tó ń lò ó. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gba aláìsàn níyànjú láti máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́.

Ilẹ̀ Yorùbá wà nínú ìwádìí tó tẹ̀ lé e. Richard Cooper àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Nàìjíríà, ní agbègbè Ìbàdàn, wọ́n wọn ti Cameroon, ti àwọn erékùṣù Caribbean, àti ti Maywood ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1997 sọ pé nǹkan bí ènìyàn 16 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, 26 ní Caribbean, 33 ní Maywood. Ìran kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìgbé ayé wọn yàtọ̀. Sísanra àti iyọ̀ wà lára ohun tó fà á, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ inú agolo àti inú páálí, èyí tí sódíọ̀mù kún inú rẹ̀, tí pọtásíọ̀mù rẹ̀ sì ti dín kù. Ẹ̀rí tó lágbára jù wá láti Ṣáínà ní ọdún 2021. Ní abúlé 600, láàárín ènìyàn 20,995 tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù rí tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ní ọjọ́ ogbó, wọ́n fún ìdajì abúlé náà ní iyọ̀ tí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ti pọtásíọ̀mù. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùn-ún, rọpárọsẹ̀ fi ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àwọn tó jẹ ẹ́.

Fún ẹran, àpọ̀jù pọtásíọ̀mù àti àìtó rẹ̀ ló ń pa á lára. Ní Nẹ́dálándì, láàárín ọdún 1920 sí 1940, màlúù tó ń jẹ koríko tútù ìgbà ìrúwé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n ń ṣubú, wọ́n sì ń kú. B. Sjollema fi hàn pé magnesium ló kéré nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ni ó hàn pé ajílẹ̀ pọtásíọ̀mù tí àgbẹ̀ ń da sí pápá wà lára ohun tó fà á, nítorí pé pọtásíọ̀mù tó pọ̀ jù nínú koríko kì í jẹ́ kí ikùn màlúù fa magnesium mu. Ní ti àìtó, ológbò tí oúnjẹ rẹ̀ kò ní pọtásíọ̀mù tó kì í lè gbé ọrùn rẹ̀ dúró mọ́. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣàpèjúwe rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ológbò sì fi kún ohun tí wọ́n ń pò.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2012 pé pọtásíọ̀mù tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ dín ní 3,510 mílígíráàmù. Oúnjẹ Yorùbá lè kájú rẹ̀ láìsí wàhálà. Nínú 100 gíráàmù isu tútù, nǹkan bí 800 mílígíráàmù ló wà. Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sún mọ́ 500. Ti ẹ̀wà gbígbẹ lé ní 1,000, bẹ́ẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí gbogbo ayé ń pòkìkí kò ju nǹkan bí 360 lọ. Bí wọ́n bá se isu tàbí ẹ̀wà, tí wọ́n sì da omi rẹ̀ nù, apá kan nínú pọtásíọ̀mù á bá omi lọ.

Fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Pọtásíọ̀mù kò rí ọ̀nà jáde lára rẹ̀, ó ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn sì lè dúró lójijì bí ti ọ̀pọ̀lọ́ Ringer. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iyọ̀ tí wọ́n fi pọtásíọ̀mù sí láìbi dókítà, kí wọ́n sì máa gé isu rẹ̀ wẹ́wẹ́, kí wọ́n sè é nínú omi púpọ̀, kí wọ́n da omi náà nù. Káún pẹ̀lú kì í ṣe tirẹ̀, kì í sì í ṣe ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru.